Ìrókò, Igi Tí A Kì Í Gbìn

Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìyìn wọ Adó-Èkìtì ní ọ̀sán gangan, nínú oṣù kejì ọdún, yóò mọ ohun tí a ń pè ní oòrùn. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, àkọ́rọ̀ òjò kò sì tíì dé. Koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti gbẹ, eruku ti bo ewé igi gbogbo, àwọn àpáta ńláńlá tí ó yí ìlú ká sì ti ń yá oòrùn láti òwúrọ̀ wá, tí wọ́n fi ń tú ooru jáde bí ààrò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iná kúrò nínú rẹ̀. Kí arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ tó bèèrè omi, ibòji ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa wá.

Yóò wá a títí. Láti ọdún 1996 tí Èkìtì ti di ìpínlẹ̀, tí Adó sì di olú-ìlú rẹ̀, ilé ti ń gba ibi tí oko wà rí, títì sì ti ń gba ibi tí igi wà rí. A ń kọ́ ilé, a ń kan páànù lé e lórí, a sì ń gé igi tí ì bá gba oòrùn lórí páànù náà. Nígbà tí ìjì bá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí kò rí igi kankan tí yóò fọ́ agbára rẹ̀, òrùlé a ṣí, a ó sì máa ké pe ìjọba.

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe lè gbin igi ńlá kan tí yóò fara da ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wa, tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Igi tí mo yàn ni ìrókò. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì wí pé, "Ta ni í gbin ìrókò?" Ìbéèrè náà gan-an ni mo fẹ́ dáhùn.

Òtítọ́ ni pé láàárín àwọn baba wa, ó ṣòro láti rí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìrókò. Wọ́n ń gbin obì, wọ́n ń gbin ọ̀pẹ, wọ́n sì gbin kòkó nígbà tí kòkó dé. Pèrègún ni wọ́n fi ń pa ààlà ilẹ̀. Akòko wà fún oyè jíjẹ. Odán ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ sí ojú ọjà àti sí iwájú ààfin. Ìrókò ní tirẹ̀, ṣe ni ó máa ń hù fúnra rẹ̀. Bí a bá bá a lóko, a ó fi í sílẹ̀, a ó sì gbin iṣu yí i ká. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí kan tí ń jẹ́ Olúwéré ń gbé inú rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ètùtù. Bóyá ni ọmọ Yorùbá kan wà tí kò gbọ́ àlọ́ Olúrónbí rí, obìnrin tí ó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò. Ẹ̀rù yìí ni ó ṣọ́ igi náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ó sì ṣọ́ ọ ju bí òfin ìjọba èyíkéyìí ti ṣọ́ ọ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ti tán. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ ìgégi lọ́wọ́ kì í bi Olúwéré léèrè ohunkóhun. Igi tí ó fi ọgọ́rùn-ún ọdún dàgbà, kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú, ó ti di pákó. Pákó náà dára, èmi kò ní sọ pé kò dára. Ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́, òjò kì í sì í tètè rà á. Nítorí èyí ni a ṣe ń fi í kan ilẹ̀kùn àti àga, tí àwọn ará òkèèrè sì ń fi owó iyebíye rà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ bí a ṣe ń gé ìrókò, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá ní Adó bí a ṣe ń gbìn ín, kí ẹ sì wo iye tí yóò dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú igi tí í ṣe. Milicia excelsa ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Nínú ìwé tí ó ti pẹ́, Chlorophora excelsa ni ẹ ó bá. Ó lè ga tó 160 ẹsẹ̀ bàtà. Ìtì rẹ̀ a nà gbọọrọ lọ sókè kí ó tó yọ ẹ̀ka, èyí tí ó bá sì ti gbó lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò fi di ọwọ́ ara wọn mú kí wọ́n tó lè gbá a mọ́ra. Ó ní akọ, ó sì ní abo. Abo nìkan ni ó ń so. Èso náà gùn bí ìka ọwọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé, ó sì máa ń rọ̀ nígbà tí ó bá gbó. Hóró tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi tó hóró tòmátò. Àdán fẹ́ràn èso yìí púpọ̀. Ní òru ni wọ́n ń wá jẹ ẹ́, wọn a sì máa ya hóró rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri bí wọ́n ti ń fò lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé ìrókò kò ní ẹni tí ń gbìn ín kò tíì wo ojú ọ̀run ní òru. Àdán ni àgbẹ̀ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi kan wà tí ń jẹ́ óákù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì ti bá orúkọ rẹ̀ pàdé. Ipò tí ìrókò wà lọ́dọ̀ wa ni óákù wà lọ́dọ̀ wọn: igi ńlá ni, ó ń pẹ́ láyé, pákó rẹ̀ le, ibòji rẹ̀ sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹni tí yóò bá gbin ìrókò gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Èso óákù tóbi tó orí àtàǹpàkò, oúnjẹ sì kún inú rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ dì fún un ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Yóò ti olórí gbòǹgbò kan wọ inú ilẹ̀ lọ kí ó tó ronú àtiyọ ewé. Bí oòrùn bá dé, yóò bá a níbi tí omi wà. Ìrókò kò rí irú ogún bẹ́ẹ̀ jẹ. Hóró bíńtín tí ó ti jáde kò gbé oúnjẹ tí ó tó nǹkan lọ́wọ́ wá. Láti ọjọ́ tí ó bá ti yọjú ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ wá ohun tí yóò jẹ. Èyí ni ó fà á tí igi tí ẹ̀ẹ̀rùn kò lè ṣe nǹkankan fún ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ fi jẹ́ ẹlẹgẹ́ ní kékeré, tí ó fi jẹ́ pé nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró tí àdán bá gbìn, bóyá ni ọ̀kan ń di igi.

Òjò tí ń rọ̀ ní Adó ní ọdún kan kò kéré. Ó lé ní 1,200 mílímítà. Ohun tí ó ń pa igi kékeré ni pé òjò náà kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń rọ̀ tán. Láti oṣù kọkànlá lọ, ojú ọ̀run a mọ́ kedere, ọyẹ́ a sì dé láti ìhà aṣálẹ̀, a máa fa omi jáde nínú ewé. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìkọ̀lé lọ sí Òmùò, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ti ń di ọ̀dàn, iná ìgbẹ́ sì ń jó o lọ́dọọdún. Bí ẹ bá sì gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀, ẹ ó bá igbó. Àárín méjèèjì ni Adó wà. Igi tí a bá gbìn síbẹ̀ lè yè, ó sì lè kú. Ọwọ́ ẹni tí ó gbìn ín ni ó wà.

Ìrókò mẹ́ta ni mo ti gbìn. Èkíní kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọ́kọ́ rí, èmi ni mo sì pa á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rò pé mo ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, mo máa ń bu omi kún igbá kan, mo sì ń wọ́n ọn sí ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ a tutù ní ìwọ̀n ìka méjì. Ìsàlẹ̀ a sì gbẹ táútáú. Gbòǹgbò igi kì í ṣe òmùgọ̀, ibi tí ó bá ti rí omi ni ó ń lọ. Gbogbo gbòǹgbò ìrókò mi bá gòkè wá láti pàdé igbá omi mi. Ní oṣù kìíní, mo rin ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo fi dé, oòrùn ti yan ojú ilẹ̀ àti gbogbo gbòǹgbò tí ó wà níbẹ̀. Mo fà á tu láìlo agbára kankan. Gbòǹgbò rẹ̀ tí ó gùn jù kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Ìgbà náà ni ó yé mi pé ẹni tí ó bá gbin igi sí ilẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ kọ́ igi náà ní ọ̀nà odò. Omi tí ó ń bu fún un, ẹ̀kọ́ ni. Bí ó bá bu ú sí òkè, òkè ni igi yóò mọ̀. Bí ó bá bu ú kí ó rì lọ sí ìsàlẹ̀, igi yóò tẹ̀ lé e lọ sí ìsàlẹ̀, ní ibi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ tán bí ẹ̀ẹ̀rùn tilẹ̀ gùn. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ nípa gbígbin ìrókò láti ìhín lọ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ẹ lọ sí ìdí abo ìrókò kan ní òwúrọ̀, nígbà tí àdán ti ṣe iṣẹ́ òru tán. Ẹ ó bá èso tí ó já sílẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Hóró tí ó bá léfòó, ẹ dà á nù. Èyí tí ó bá rì ni kí ẹ mú. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti sá a, ẹ má sì ṣe gbé e pamọ́ de ọdún tí ń bọ̀, nítorí hóró ìrókò kì í pẹ́ kú. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn odò nínú àpótí tí ìdí rẹ̀ lu, ẹ fọ́n hóró sí i lójú, kí ẹ sì wọ́n iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó bí ẹni tí ń wọ́n iyọ̀ sí ọbẹ̀. Bí ẹ bá rì í jìnnà, kò ní ní agbára àtijáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, yóò hù. Nígbà tí ó bá ti ní ewé mẹ́rin, ẹ lọ́ ọ sínú àpò ọ̀rá tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ má lo àpò kúkúrú. Gbòǹgbò tí kò bá rí ọ̀nà lọ sísàlẹ̀ yóò máa yí ara rẹ̀ ká bí okùn, ìwà náà kì í sì í kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó lo ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ nítòsí ilé, níbi tí ojú yín yóò ti máa tó o, kí ẹ tó gbé e lọ sí ibi tí yóò gbé.

Ní ti ibi tí yóò gbé, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń wo bí igi náà ti kéré tó lónìí. Ìrókò kò gbọdọ̀ súnmọ́ ilé tàbí òpó iná mànàmáná ju 60 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Bí àyè bá wà, ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé ni kí ẹ gbìn ín sí. Oòrùn ọ̀sán tí ó ti ń rẹlẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn ni ó ń gbóná jù, ẹ̀yìn igi ni yóò sì wà ní àkókò yẹn. Àǹfààní kejì tún wà. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Bí ó bá wó igi náà ní ọjọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ó gbé e ṣubú kúrò lọ́dọ̀ ilé.

Ilẹ̀ Adó kò rọrùn. Ní ibi púpọ̀, a kì í tíì gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà tí a ó fi kan yangí tàbí àpáta. Ẹ gbẹ́ kòtò kan, kí ẹ da omi kún un ní ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wá ibòmíràn, nítorí ibi tí omi kò bá lè gbà, gbòǹgbò kò lè gbà á. Kòtò tí ó dára fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó jìn ní méjì, a sì fi dígà fọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má da ajílẹ̀ púpọ̀ sínú rẹ̀. Igi tí ó bá bá oúnjẹ pàdé nínú kòtò kò ní fẹ́ jáde kúrò níbẹ̀, bí ọmọ tí a bí sí ilé ọlọ́rọ̀ tí kò fẹ́ mọ ọ̀nà oko. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ fi ajílẹ̀ sí. Òjò yóò gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀.

Oṣù kẹfà ni kí ẹ gbìn ín. Àkọ́rọ̀ òjò oṣù kẹta máa ń tan ènìyàn jẹ. Yóò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní oṣù kẹfà, òjò ti fi ìdí múlẹ̀, igi yóò sì ní oṣù márùn-ún láti fi wa ilẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ ya àpò ọ̀rá náà kúrò. Bí ẹ bá rí gbòǹgbò tí ó ti yí ara rẹ̀ ká, ẹ gé ibi tí ó yí náà pẹ̀lú ọ̀bẹ mímú, kí àánú má ṣe mú yín.

Nígbà tí òjò bá ń parí lọ, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe ẹbè yípo igi náà bí ẹnu àwo, kí omi má lè ṣàn lọ. Ẹ kó koríko gbígbẹ àti ewé jíjá bo ilẹ̀ inú rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n kí ó má kan ara igi, nítorí ikán. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, mo ń bu garawa omi méjì fún un ní ọjọ́ méje méje, díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi mu ún tán. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, garawa mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ní ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bí ewé bá rọ ní ọ̀sán, tí ó sì nà padà ní òwúrọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń wá omi ni. Bí ó bá rọ títí di òwúrọ̀, ẹ bu omi fún un lọ́jọ́ náà.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ó dára fún ibi tí omi ti wọ́n. Mo ra ìkòkò omi kan tí wọ́n mọ ní Ìsàn-Èkìtì, ìlú tí a mọ̀ fún ìkòkò mímọ. Irú èyí tí ara rẹ̀ máa ń làágùn nígbà tí a bá pọn omi sí i ni mo yàn. Mo rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn ní ẹ̀gbẹ́ ìrókò náà, mo pọn omi kún un, mo sì dé e lórí. Omi ń yọ́ jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, oòrùn kò sì rí i mu.

Ewúrẹ́ kò nílò àlàyé. Ẹ ṣe ọgbà yí igi náà ká, kí ọgbà náà sì le ju bí ẹ ti rò pé ó yẹ lọ. Ní ti iná, ẹ ro koríko kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá yíká kí oṣù kejìlá tó dé.

Ọ̀tá tí ó burú jù fún ìrókò kékeré kò tó ìrẹsì kan ní títóbi. Kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma lata ni. Yóò yé ẹyin sí ara ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ; ọmọ rẹ̀ yóò wọ inú ewé náà, ewé yóò sì wú bò ó mọ́lẹ̀ bí kókó. Inú kókó yìí ni yóò ti máa jẹun títí yóò fi hu ìyẹ́, tí kókó yóò sì là fún un. Lẹ́yìn èyí, kókó a jẹrà, ọ̀mùnú a kú. Igi náà a tún rú, kòkòrò a tún dé. Bí ó ti pa ìrókò mi kejì nìyẹn. Mo fín oògùn títí, ṣùgbọ́n ibo ni oògùn yóò ti kan ẹni tí ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí? Lẹ́yìn ọdún méjì, ohun tí ì bá di ọba igi ti di igbó ṣékéṣéké tí kò ga ju ìbàdí mi lọ.

Ní Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1954, àti ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, àwọn onímọ̀ ti bá kòkòrò yìí jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé ibi tí a bá gbin ìrókò nìkan sí lọ súà, tí oòrùn sì ń pa á gan-an, ni ó ti ń jà jù. Bí ìrókò bá jẹ́ díẹ̀ láàárín igi mìíràn, tí ibòji díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Wọ́n tún ń ṣa àwọn ìrókò tí kòkòrò náà kò lè borí, kí wọ́n lè máa gbin irú wọn. Àwa tí a ń gbin ẹyọ kan sí ẹ̀yìnkùlé lè ṣe bí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bo kòkó kékeré. Òtìlì ni èmi gbìn yí ìrókò kẹta ká. Ó ṣíji bò ó, kò sì jọ ọ́ lójú. Àwa náà sì rí òtìlì sè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo ń yẹ ọ̀mùnú rẹ̀ wò. Bí mo bá rí kókó, mo ń já a, mo sì ń sọ ọ́ sínú iná kí ó tó là.

Nígbà tí ó ga tó mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí méjì. Gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó wí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí pé bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni a máa ń fi í bá ara wa sọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á mọ iṣẹ́ igi. Igi tí ó bá ní orí méjì ní kékeré yóò di igi oníbejì. Ní ọjọ́ tí ìjì bá dé, àárín ibi tí wọ́n ti pàdé ni yóò ti fà ya. Ẹ fi èyí tí ó nà ṣánṣán sílẹ̀, kí ẹ gé èkejì. Àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa mú kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí ẹ má ṣe bọ́ ọ sí ìhòòhò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ewé ni ó fi ń sè oúnjẹ rẹ̀. Oje funfun yóò ṣàn jáde. Kò sí ewu.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tí àwọn tí ń yin igi kì í fẹ́ sọ. Ìrókò máa ń wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní àkókò tí oòrùn mú gan-an, ẹ̀ka rẹ̀ a ṣófo. Bí ó ṣe ń dá ààbò bo omi ara rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bí a ti lè bá a jà sí i. Ẹni tí kò bá lè fara da èyí, tàbí tí ó fẹ́ ibòji kí orí rẹ̀ tó hu ewú, kí ó lọ gbin odán. Odán kì í fẹ́ hóró. Òpó rẹ̀ tí ó nípọn tó apá ni a ń gé, a ó jẹ́ kí oje rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, a ó sì rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò. Ewé rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀ yípo ọdún, ìdí nìyí tí ọjà àti ààfin fi yàn án. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò mọ ààlà. Ó ń la ògiri, ó ń wọ kànga. Ní ti èmi, mo gbin odán kan sí òpin ilẹ̀ mi, ibẹ̀ ni mo sì ń jókòó sí tí mo fi ń wo ìrókò.

Ìrókò náà ní ohun mìíràn tí ó ń ṣe, tí odán kò lè bá a dù. Àwọn lágẹdú mọ̀ pé nígbà mìíràn ayùn wọn máa ń kan òkúta nínú ìtì ìrókò, eyín ayùn a sì kán. Kò sí ẹni tí ó fi òkúta náà síbẹ̀. Igi náà ni ó ń fa ohun tí ń di ẹfun láti inú ilẹ̀, tí ó sì ń dà á pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí ewé rẹ̀ ń mu. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wádìí ilẹ̀ abẹ́ ìrókò ní Ivory Coast rí i pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń sọ ohun tí ó bọ́ láti ara igi náà di òkúta ẹfun nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó kan tẹ́lẹ̀ ṣe ń di ilẹ̀ tí ó rọ àgbẹ̀ lọ́rùn. Apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí ń mú ayé gbóná ti di òkúta lábẹ́ igi náà, kò sì ní tètè jáde mọ́.

Ìrókò mi kẹta ti la ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta já. Nígbà tí ẹ̀kẹrin dé, mo pinnu láti yọ ìkòkò Ìsàn náà kúrò, kí n lè lò ó fún igi mìíràn. Mo fi dígà gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Gbòǹgbò kan tí ó nípọn tó àtàǹpàkò mi wà lẹ́bàá ìkòkò náà. Ó ti fara kàn án, ó sì ti kọjá rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Mo tẹ̀ lé e títí kòtò náà fi mù mí dé orúnkún, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ínrín. Mo dá iyẹ̀pẹ̀ padà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì gbé ìkòkò mi lọ sílé.